OMI, IYỌ̀ ÀTI ṢÚGÀ: OHUN ÌSỌMỌLÓRÚKỌ TÓ Ń GBA ẸMÍ ỌMỌ LÀ

Nígbà tí ọmọ bá pé ọjọ́ mẹ́jọ nílé ayé, àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá a máa kó ohun àdúrà jọ síwájú rẹ̀. Wọ́n á tọ́ omi sí i lẹ́nu, wọ́n á ní omi kò ní ọ̀tá. Wọ́n á fi iyọ̀ kàn án lẹ́nu, wọ́n á ní kí ayé rẹ̀ ládùn. Oyin tàbí ìrèké kì í gbẹ́yìn níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ń lo ṣúgà. Àdúrà ni gbogbo ènìyàn ka èyí sí, àdúrà náà sì ni. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ gbuuru bá dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wólẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, omi, iyọ̀ àti ṣúgà yìí kan náà ni yóò dúró láàrin òun àti ikú. Kò sí idán kankan níbẹ̀. Bí ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ ló fà á.

ODÒ INÚ ARA

Omi ló pọ̀ jù nínú ara. Ọkùnrin tó bá wọn kìlógíráàmù 70 lórí òṣùwọ̀n, nǹkan bíi 42 nínú rẹ̀ ló jẹ́ omi. Ti ọmọ tuntun tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí wọ́n bá pín ìwọ̀n rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, omi ni ó tó mẹ́ta níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ìgbẹ́ gbuuru kò fi ń pẹ́ kó tó rẹ ọmọdé sílẹ̀.

Omi yìí ní ibùgbé. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn yàrá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí ara fi di odindi. Ìdá kan tó kù wà lóde wọn, nínú ẹ̀jẹ̀ àti ní àlàfo àárín wọn. Iyọ̀ ló sì ń darí rẹ̀. Sódíọ̀mù, tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, ló ń jọba lóde sẹ́ẹ̀lì. Pòtásíọ̀mù, tó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà, ọsàn àti omi àgbọn, ló ń jọba nínú ilé. Lára ògiri sẹ́ẹ̀lì ni ẹ̀rọ kan wà tí kì í sùn: bó bá ti sódíọ̀mù mẹ́ta síta, á fa pòtásíọ̀mù méjì wọlé. Jens Skou, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló tú àṣírí ẹ̀rọ yìí ní 1957, wọ́n sì torí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1997. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ilé àti òde yìí ni iṣan fi ń ṣiṣẹ́, òun náà ni ọkàn fi ń lù kì-kì-kì. Ibi tí iyọ̀ bá sì pọ̀ sí, ibẹ̀ ni omi ń wọ́ lọ.

ÀWỌN ỌLỌ́DẸ TÓ Ń ṢỌ́ ỌN

Kíndìnrín méjèèjì ni sẹ́rísẹ́rí ara. Láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n a máa sẹ́ omi tó tó lítà 180 láti inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì dá èyí tó pọ̀ jù padà, tó fi jẹ́ pé lítà kan sí méjì péré ló ń bá ìtọ̀ lọ. Bí oòrùn bá pa àgbẹ̀ lóko, tí òógùn gba ara rẹ̀ kan, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ki. Ọpọlọ á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Á rán òùngbẹ sí i lọ́fun pé kó wá omi mu, á sì tún rán họ́mọ̀nù sí kíndìnrín pé kò gbọdọ̀ fi omi ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń kéré, tó sì ń pọ́n.

Àṣejù sì ni baba àṣetẹ́. Ẹni tó bá ń sáré ọ̀nà jíjìn, tó ń da omi lásán sọ́fun láìsinmi, lè la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ débi pé omi á ya wọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, ọpọlọ á sì wú. Àpọ̀jù iyọ̀ náà ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí ìpo-tíì kan.

NÍGBÀ TÍ ÌFUN BÁ Ń JÒ

Bí àrùn onígbáméjì bá kọlu ènìyàn, tó le gan-an, ó lè yàgbẹ́ omi tó lítà kan láàrin wákàtí kan. Bí omi ṣe ń lọ ni iyọ̀ ń bá a lọ. Ní 1832, Thomas Latta, dókítà kan nílùú Leith ní Scotland, fa omi iyọ̀ sínú iṣan àwọn tí àrùn yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, àwọn kan sì jí padà. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àti omi tí kò ní kòkòrò kì í wà níbi gbogbo.

Ojútùú wà nínú ìfun fúnra rẹ̀. Ní 1960, Robert Crane ṣàlàyé pé ilẹ̀kùn kan wà lára ìfun tí ṣúgà àti sódíọ̀mù jọ ń gbà wọlé pọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ti wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Àrùn onígbáméjì kì í sì lè ti ilẹ̀kùn yìí.

Ogun Bangladesh ti 1971 ló fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sá wọ India, onígbáméjì sì bẹ́ sílẹ̀ ní ibùdó wọn nílùú Bangaon. Nígbà tí omi ìfàsára fẹ́ tán, Dókítà Dilip Mahalanabis po omi, iyọ̀, ṣúgà gúlúkóòsì àti sódà ìṣebúrẹ́dì, ó ní kí àwọn ẹbí aláìsàn máa fi ife bù ú fún wọn mu. Ikú tó ń pa nǹkan bí 30 nínú 100 dín kù sí ohun tí kò tó 4. Ní 1978, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet kọ ọ́ pé ó lè jẹ́ àwárí ìṣègùn tó ṣe pàtàkì jù lọ ní ọ̀rúndún náà. Mahalanabis kú ní 2022.

ÒṢÙWỌ̀N NI ẸMÍ RẸ̀

Ìyá tó bá ń fi omi du ọmọ nítorí kí ìgbẹ́ lè dá, ikú ló ń pè láìmọ̀. Ìgbẹ́ kọ́ ló ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ, gbígbẹ tí ara wọn gbẹ ni. ORS inú ọ̀rá, tí wọ́n ń tà nílé ìtajà oògùn, ló dára jù. Bí kò bá sí, kí wọ́n wá omi mímọ́ lítà kan, ìyẹn ọ̀rá omi méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára, kí wọ́n po ṣúgà ṣíbí ìpo-tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí mọ́ ọn, kí ojú ṣíbí sì tẹ́jú. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ewu ńlá ni fún ọmọ. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, ìgbẹ́ á tún le sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa fún ọmọ. Bó bá bì, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Kí ọmú má dúró, kí oúnjẹ má sì dúró.

Ṣùgbọ́n bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ jìn, tó ń sunkún láìsí omijé, tí kò lè mu nǹkan mọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn, kí wọ́n sì máa fún un mu lójú ọ̀nà.

Àwọn àgbà ti fi omi, iyọ̀ àti adùn ṣàdúrà fún ọmọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́ ọmọ náà láti mọ ìwọ̀n tí yóò fi pò wọ́n, kí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lè mọ́ ọn lórí.