Ọkọ̀ Akẹ́rù Àtijọ́ Tí Iná Rẹ̀ Ń Lọ Tí Ó Sì Ń Padà

Bí ènìyàn bá gba ojú ọ̀nà Agége Motor Road kọjá ní òwúrọ̀, kì í pẹ́ kí ó tó rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tí a ṣí imú rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí awakọ̀ rẹ̀ káwọ́ lérí, tí àwọn mọ́tò-bọ́ì sì dúró yí i ká. Púpọ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Mercedes 911, tí ọjọ́ orí òmíràn nínú wọn ti ju 40 ọdún lọ. Ẹ́ńjìnì wọn lágbára, a sì lè tún un ṣe léraléra. Ṣùgbọ́n wáyà inú wọn a máa darúgbó, gẹ́gẹ́ bí iṣan ara ènìyàn ti ń darúgbó. Àìsàn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni ó máa ń tan àwọn ọlọ́kọ̀ jẹ jùlọ. Lónìí ọkọ̀ náà jí ní ìyí kan ṣoṣo. Lọ́la a yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò dún pín. Ní ọ̀tunla ó tún jí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kàn án.

Kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó dé, àgbẹ̀ ni ó ni Agége. Ní ọdún 1907 ni àwọn olóko ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ Agege Planters' Union sílẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin ni ó ń kó ẹrù kọjá. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣí àgbègbè ilé iṣẹ́ sí Ìkẹjà, kí Ìkẹjà tó bọ́ sábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1967. Láti ìgbà náà ni ẹrù oko àti ẹrù ilé iṣẹ́ ti ń pàdé lójú ọ̀nà kan náà, ọkọ̀ tí ó sì kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá láti Ìfọ̀ lè jẹ́ òun náà ni yóò kó ọjà ilé iṣẹ́ padà. Bí iná rẹ̀ bá kú lójú ọ̀nà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ a pọ́n, tòmátì a sì rà.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹrù nìkan ni. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ti àtijọ́ kò nílò iná bátìrì mọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti jí. Pọ́ńpù rẹ̀ ni ó ń ti epo wọlé, ooru afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó sì ń mú epo náà gbiná. Nítorí náà iná ẹ̀yìn ọkọ̀ lè kú lóru, kí ẹ́ńjìnì sì máa ké lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, tí awakọ̀ kò ní mọ̀. Ọkọ̀ tí ń mu pẹtiróòlù ní tirẹ̀ yóò kú bí iná bá lọ. Ewu ni èyí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n awakọ̀ mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn ní ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, níbi tí òkùnkùn bá ti ṣú, kì yóò rí ọkọ̀ tí kò ní iná ẹ̀yìn títí yóò fi dé ìdí rẹ̀.

Ní ti owó, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí a lọ ra bátìrì tuntun. Ọkọ̀ náà á sì jí! Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: kí a tó lè gbé bátìrì tuntun wọlé, a ní láti tú orí wáyà kúrò lára ti àtijọ́, kí a sì dè é mọ́ tuntun. Ìtúdè àti ìdè yìí ni ó wò ó sàn ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe bátìrì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àìsàn náà padà, a sì ń bú ẹni tí ó ta bátìrì fún wa pé ayédèrú ni ó tà.

Iná tí ó bá ti inú bátìrì jáde gbọ́dọ̀ lọ, kí ó sì padà. Ó gba wáyà lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gba ara irin ọkọ̀ padà wá sí orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Gbogbo ibi tí irin ti kan irin lójú ọ̀nà yìí dà bí oríkèé, níbi oríkèé ni àrùn sì máa ń gbé. Ká ní ìdọ̀tí wọ oríkèé kan, tí ìdènà tí ó wà níbẹ̀ di ìdá kan nínú 100 ti óòmù kan. Ohun kékeré ni lójú. Gílóòbù iwájú tí ń gba áńpíà 5 yóò pàdánù ìdá 5 péré nínú 100 ti fóltì kan níbẹ̀, yóò sì máa tàn yòò. Ṣùgbọ́n sítátà ọkọ̀ akẹ́rù lè gba áńpíà 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun yóò pàdánù fóltì 2 ní oríkèé kan náà, fóltì 12 yóò sì ti di 10 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ pé, “Bátìrì dára, ṣé ẹ kò rí i pé iná ń tàn ni?” tí sítátà sì kọ̀ láti yí.

Ohun tí ó ń mú kí àìsàn náà lọ kí ó sì padà ni gbígbọ̀n, ooru àti omi. Kòtò ojú ọ̀nà a mi oríkèé tí ó ti dẹ̀, yóò sì kanra fún ìgbà díẹ̀. Irin a fẹ̀ nínú ooru, a sì sún kì nígbà tí ó bá tutù. Èéfín ásíìdì bátìrì pẹ̀lú ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ Èkó ń jẹ òjé àti bàbà, ó ń sọ wọ́n di ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé, ìyẹ̀fun yìí kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa.

Mítà kékeré tí a fi ń wọn fóltì ni kí ọlọ́kọ̀ kọ́kọ́ ní, kí ó tó ra ohunkóhun. Ẹ fi jíà sí fìrì, ẹ fi òkúta dí táyà, kí awakọ̀ sì fa okùn tí a fi ń pa ẹ́ńjìnì kí ó má baà jí. Kí ẹnìkan wá yí kọ́kọ́rọ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 5, nígbà tí ẹlòmíràn fi ẹnu mítà kan kan òjé orí bátìrì gan-an, tí ó sì fi ẹnu kejì kan irin orí wáyà tí ó dì í mú. Bí oríkèé náà bá mọ́, mítà kì yóò fi ohun tí ó tó nǹkan hàn. Láti orí nẹ́gẹ́tíìfù dé ara irin ẹ́ńjìnì, kí ó má ju 0.2 fóltì lọ. Láti orí pọ́sítíìfù dé ibi tí wáyà ńlá ti wọ sítátà, kí ó má ju 0.5 lọ. Bí sítátà kò bá ń gba iná lọ́wọ́ nígbà tí a ń wọ̀n, asán ni ìwọ̀n náà, nítorí oríkèé burúkú kì í fi ara hàn nígbà tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀. Ẹni tí kò ní mítà lè fi ọwọ́ kan oríkèé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìṣọ́ra, lẹ́yìn tí a ti yí sítátà: èyí tí ó gbóná ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni kí ó fura sí.

Àwa fúnra wa rò pé wáyà tí ó so ẹ́ńjìnì mọ́ ṣáásì, èyí tí àwọn réwáyà ń pè ní áàtì, ni a ń gbàgbé jùlọ. Ìsàlẹ̀ ni ó wà, nínú ẹrẹ̀ àti epo, a sì máa ń tú u nígbà tí a bá ń sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀, láìrántí dè é padà. Bí gbogbo ọkọ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, orí bátìrì, áàtì àti ẹ̀yìn kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ wò. Bí ó bá ṣe iná ẹ̀gbẹ́ kan nìkan ni ó ń ṣẹ́jú, ẹ má ṣe dé ìdí bátìrì rárá. Wáyà ẹ̀gbẹ́ náà tàbí fíúùsì rẹ̀ ni. Fíúùsì àwọn ọkọ̀ àtijọ́ lè dára lójú kí ipata sì ti mú ẹnu rẹ̀. Ẹ yí i díẹ̀ nínú ilé rẹ̀, bí iná bá sì padà, ẹ ti rí olè náà.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò wọ́n. Kí a pa ẹ́ńjìnì, kí a kọ́kọ́ tú orí nẹ́gẹ́tíìfù, kí a sì dè é padà kẹ́yìn, kí sípánà má baà fa iná. Kí a má ṣe mu sìgá nítòsí, nítorí atẹ́gùn tí ń jáde lára bátìrì lè bú gbàmù. Omi gbígbóná àti sódà tí a fi ń ṣe kéèkì yóò fọ ìyẹ̀fun náà kúrò. Kí a má jẹ́ kí ó wọ inú bátìrì. Lẹ́yìn èyí kí a fi sáńpépà ha irin títí yóò fi dán, kí a dè é le, kí a sì fi gíríìsì bo òde rẹ̀. Níbi áàtì, kí a ha ọ̀dà ṣáásì kúrò, nítorí iná kì í gba inú ọ̀dà kọjá.

Àṣà kan wà tí ó yẹ kí a kọ̀ fún àwọn réwáyà wa: kí wọ́n tú orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, láti wò ó bóyá ẹ̀rọ tí ń fún bátìrì ní iná dára. Láti ìgbà dáínámò ni àṣà yìí ti wá. Alternator tí ó gba ipò rẹ̀ ní àwọn ohun ẹlẹgẹ́ kan nínú tí irú ìtúdè bẹ́ẹ̀ lè jó, ọlọ́kọ̀ yóò sì san owó àìsàn kejì. Mítà yóò sọ òtítọ́ láìtú ohunkóhun: bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, fóltì 13.8 sí 14.4 ni ó yẹ kí a rí lórí bátìrì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí a má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi wáyà lásán dípò fíúùsì. Fíúùsì ni ó yẹ kí ó jó kí ọkọ̀ má baà jó.

Nígbà mìíràn bátìrì gan-an ni ó jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi di òwúrọ̀, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n: 12.6 túmọ̀ sí pé ó kún, 12.0 sì túmọ̀ sí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Bí a bá fún un ní iná títí ó fi kún, tí ó sì tún wálẹ̀ di òwúrọ̀ láìsí ohun tí ń mu ún, ẹ̀mí rẹ̀ ti tán. Ọkọ̀ tí ó bá ní bátìrì méjì tí a so pọ̀ di fóltì 24, kí a wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀. Èyí tí ó bá rẹlẹ̀ yóò máa fa ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, tuntun tí a bá sì so mọ́ arúgbó kì í pẹ́ láyé.