Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ tètè tún Windows yín ṣe kó tó kó bá yín

Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Kọ̀ǹpútà kan tó ti pẹ́ ló gbójú lé. Bó bá tan án láàárọ̀, á gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tán, á ra búrẹ́dì, á jẹ ẹ́, kó tó di pé kọ̀ǹpútà náà ṣetán láti ṣiṣẹ́. Nígbà tó sú u, ó pe ọmọkùnrin kan tó máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò. Ọmọ náà ti fíláàṣì bọ̀ ọ́, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, láàárín wákàtí méjì, kọ̀ǹpútà ti ń sáré. Inú ọ̀rẹ́ mi dùn, ó sanwó, ó tún fi owó mínírà lé e.

Ọjọ́ kejì ni oníbàárà kan wá pé kí wọ́n bá òun tẹ lẹ́tà kan jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí lẹ́tà níbẹ̀ mọ́. Ìwé tí ọ̀rẹ́ mi ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó sí, òun náà kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ló ti lọ. Ọmọ yẹn kò jalè o. Ẹni tó fẹ́ wó ilé àtijọ́ kó lè kọ́ tuntun ni, ṣùgbọ́n kò béèrè bóyá ẹrù ṣì wà nínú ilé, ẹni tó nilé náà kò sì sọ.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Ọdún 2015 ló gbé e jáde. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ohun kan náà ló ṣe fún Windows XP ní oṣù kẹrin, ọdún 2014, àti fún Windows 7 ní oṣù kìíní, ọdún 2020. Gbogbo ìgbà ló sì máa ń kéde rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Àwọn kan á ní, “Tèmi ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ló kàn mí?” Òótọ́ ni, kọ̀ǹpútà náà kò ní kú lójijì. Ṣùgbọ́n bí ìgbà tí èèyàn ń gbénú ilé tí kò sẹ́ni tó ń tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe mọ́ ni. Gbogbo ìgbà làwọn ọ̀daràn ń wá ihò tuntun lára Windows. Bí wọ́n bá rí i, Microsoft á dí i fún àwọn tó wà lórí èyí tó ṣì ń bójú tó. Ti ẹni tó wà lórí àtijọ́ á ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún, ọdún 2017. Fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry ti fáìlì àwọn èèyàn pa káàkiri ayé, ó ní àfi kí wọ́n san 300 dọ́là kí òun tó ṣí i. Ó dé àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìlú Ọba, wọ́n sì ní láti dá àwọn aláìsàn kan padà sílé. Èyí tó wá dunni ni pé láti oṣù kẹta ọdún yẹn ni Microsoft ti gbé àtúnṣe tó máa dí ihò náà jáde. Àwọn tí kò gbà á sórí kọ̀ǹpútà wọn, àti àwọn tó ṣì ń lo Windows tí wọ́n ti pa tì, ló kó sí i.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí ẹ ń lò. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ní àmì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ winver síbi tó bá ṣí, kí ẹ tẹ Enter. Ó máa sọ fún yín. Bó bá jẹ́ Windows 10 tó jẹ́ ojúlówó, ọ̀fẹ́ ni Windows 11, ẹ kò ní san kọ́bọ̀ fún Microsoft. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ló lè gbé e. Ó ń béèrè RAM 4GB ó kéré tán, àyè 64GB, àti ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Ní ti Intel, láti 8th generation lọ sókè ni ọ̀pọ̀ èyí tó gbà ti bẹ̀rẹ̀. Microsoft ní ètò ọ̀fẹ́ kan, PC Health Check, tó máa ṣàyẹ̀wò kọ̀ǹpútà fún yín. Bó bá ní kò sí TPM, ẹ má tètè sọ̀rètí nù, nítorí ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé wọ́n kàn pa á nínú BIOS ni. Ẹ̀yin tó sì fẹ́ lọ ra tòkunbọ̀ ní Computer Village, ní Ìkẹjà, ẹ béèrè èyí kí ẹ tó sanwó. Dídán ara rẹ̀ kọ́ ló máa ṣiṣẹ́.

Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá lè gbé Windows 11, ọ̀nà méjì ló kù kí ẹ tó ra òmíràn. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni àfikún àtúnṣe tí Microsoft ń pè ní ESU. Títí di ọjọ́ 13, oṣù kẹwàá, ọdún 2026 ló kéde rẹ̀ fún àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà fún ara wọn. Ti àwọn ilé-iṣẹ́ lè tó ọdún mẹ́ta, 61 dọ́là lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní ọdún àkọ́kọ́, iye náà á sì máa di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún. Ọ̀nà kejì ni Linux, irú bíi Ubuntu tàbí Linux Mint. Ọ̀fẹ́ ni, ara rẹ̀ fúyẹ́, LibreOffice tó wà nínú rẹ̀ sì lè tẹ lẹ́tà, kó tún ṣírò owó. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ètò ìṣirò owó tí wọ́n ṣe fún Windows nìkan lẹ fi ń ṣòwò, ẹ má sáré lọ síbẹ̀.

Ó wá ku bí a ṣe ń ṣe é, ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ti jìn sí kòtò. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yín, ẹ kó ẹrù yín jáde. Kì í ṣe Documents nìkan lẹ máa wò. Ẹ wo ojú Desktop, ẹ wo Downloads, ẹ wo ibi tí àwọn fọ́tò wà. Bí ẹ bá ń lo ètò ìṣirò owó, inú ètò náà gan-an ni kí ẹ ti ṣe backup, nítorí ibi tó ń fi nǹkan pamọ́ sí lè máà hàn sí yín. Ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù yín sínú ìwé, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ ṣe: ọ̀kan sórí hard disk tó dá dúró, èkejì síbòmíràn, bíi Google Drive, tó ń fúnni ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé hard disk náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ ṣí fáìlì bíi mélòó kan wò. Ẹ̀dà tí kò bá ṣí kì í ṣe ẹ̀dà.

Ẹ ro ti iná pẹ̀lú. Bí iná bá lọ níbi tí wọ́n ti ń fi Windows sí i lọ́wọ́, ó lè máà tan mọ́. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, kí bátìrì rẹ̀ kún dáadáa. Bó bá jẹ́ èyí tó ń jókòó sórí tábìlì, ẹ wá UPS tàbí kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ tún ra dátà tó pọ̀, nítorí Windows 11 nìkan ju 5GB lọ. Fíláàṣì tí wọ́n máa lò gbọ́dọ̀ tó 8GB, gbogbo ohun tó bá sì wà lórí rẹ̀ ló máa pa rẹ́.

Ẹ sọ fún ẹnjiníà yín pé ojúlówó lẹ fẹ́, láti ọ̀dọ̀ Microsoft fúnra rẹ̀. Ayédèrú tí wọ́n ń fi “activator” ṣí ti kó fáírọ́ọ̀sì wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀: òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 sọ pé ẹni tó bá gba orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. Bí wọ́n bá parí, ẹ jẹ́ kí Windows Update ṣiṣẹ́ títí tí kò fi ní sí ohun tó kù, ẹ dán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín wò, kí ẹ tó kó fáìlì yín padà. Ẹ má pa ẹ̀dà àtijọ́ yẹn rẹ́ kó tó pé oṣù kan.

Ọ̀rẹ́ mi padà lọ bá àwọn onígbèsè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn olóòótọ́ san. Àwọn kan ní àwọn ti san tipẹ́, kò sì ní ohun tó máa fi já wọn nírọ́. Ní báyìí, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kó tó ti ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń da iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà sórí hard disk kan, á sì gbé e lọ sílé nínú báàgì rẹ̀.