Ẹran Màlúù Tí Ìyá Àgbà Lè Jẹ

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ti jẹ ẹran màlúù tó le rí? Ẹ ó jẹ ẹ́ títí, kò ní já. Ẹ̀yin ní eyín púpọ̀. Eyín ìyá àgbà wa ní Djègan-Kpèvi, níbí ní Àjàṣẹ́, kò ju mẹ́rin lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, a se ẹran fún wọn. Iná pọ̀ lábẹ́ ìkòkò, omi ń hó, ó ń ta jáde. A rò pé iná ńlá yóò jẹ́ kí ó tètè jinná. Lẹ́yìn wákàtí kan, a bu ẹran sí àwo wọn. Wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́, wọ́n sì rọra yọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Wọn kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ nìkan ni wọ́n jẹ. Ó dùn wá gan-an.

Nígbà tí a dé ọjà Ouando, a bi bàbá alápatà kan pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, irú ẹran wo ni ìyá àgbà lè jẹ?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ni ẹ kánjú.” Wọ́n wá gé ẹran ẹsẹ̀ àti ẹran àyà fún wa, kílò 1. Ó yà wá lẹ́nu, nítorí ẹran tó le jù ni!

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Màlúù ń rìn káàkiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ púpọ̀. Níbi tí iṣẹ́ bá pọ̀, iṣan funfun kan wà tó so ẹran pọ̀ bí okùn. Okùn yìí ni eyín kò lè já. Bí iná bá pọ̀ jù, ẹran á sún kì, omi inú rẹ̀ á jáde, á sì gbẹ. Okùn náà kò sì tíì yọ́. Ṣùgbọ́n bí iná bá kéré, tí a sì jẹ́ kí ó pẹ́, okùn náà á yọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà náà, ẹran á tú fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá wa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Wọ́n gé ẹran náà sí mẹ́rin, wọ́n fi iyọ̀ pa á, wọ́n sì fi òróró díẹ̀ dín in títí ara rẹ̀ fi pọ́n. Wọ́n kó àlùbọ́sà, aáyù, atalẹ̀, tòmátì àti ata díẹ̀ sí i. Wọ́n bu omi sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹran. Wọ́n dé ìkòkò. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó èédú kúrò nínú àdògán, ó ku ìba díẹ̀. Omi kò gbọdọ̀ hó yọ. Kí ojú rẹ̀ kàn máa mì díẹ̀díẹ̀ ni.

Dídúró ló ṣòro jù. Òórùn ti gba gbogbo àgbàlá! Àbúrò wa fẹ́ ṣí ìkòkò ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìyá wa ní, “Ooru ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí o bá ṣí i, o lé e jáde nìyẹn.”

Ẹ̀gbọ́n wa ní kí a ṣe taco, kí a má fi ẹ̀kọ jẹ ẹ́ lónìí. Oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò ni taco. Wọ́n ń fi àgbàdo ṣe àkàrà pẹlẹbẹ, wọ́n á sì ká a mọ́ ẹran. Ilẹ̀ wọn gan-an ni àgbàdo ti wá. Wọ́n ti ń gbìn ín láti nǹkan bí ọdún 9,000 sẹ́yìn. Lẹ́yìn ọdún 1492 ni ọkọ̀ ojú omi gbé e sọdá òkun, tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣé ẹ rí i pé ìbátan ni ẹ̀kọ àti taco?

A po ìyẹ̀fun àgbàdo ife 2 mọ́ ìyẹ̀fun àlìkámà ife 1, pẹ̀lú iyọ̀ àti omi gbígbóná. Bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀fun àgbàdo tiwa nìkan, yóò fọ́ bí a bá ká a. Àwọn ará Mẹ́síkò ń fi omi ẹfun se àgbàdo kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kí tiwọn lẹ̀ pọ̀. A fi ìgò tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Ẹ̀gbọ́n wa yan án nínú páànù gbígbẹ, wọ́n sì fi aṣọ mímọ́ bò ó kí ó má baà le.

Nígbà tí wákàtí 3 pé, ìyá wa fúnra wọn ló sọ ìkòkò náà. Ọmọdé kì í gbé ìkòkò gbígbóná. Wọ́n fi fọ́ọ̀kì 2 fa ẹran náà, ó sì ya bí òwú.

A gbé àkọ́kọ́ fún ìyá àgbà. Wọ́n yí i wò, wọ́n ní, “Kí lèyí?” Wọ́n gé e jẹ. Gbogbo wa ń wo ẹnu wọn. Wọ́n gbé e mì.

Wọ́n ní, “Ó ṣẹ́ kù?”

Mẹ́ta ni wọ́n jẹ.