Ìwé tí à ń kọ kí a tó wọ ìlú ẹlòmíràn

Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí ìwé kékeré kan tí ó máa ń dá ènìyàn dúró ní bodè. Orúkọ rẹ̀ ni ìwé ìkéde ìwọlé. Òun ni àlejò fi ń sọ fún ìjọba ìlú tí ó ń lọ pé: "Èmi lágbájá ni mò ń bọ̀. Ibi báyìí ni mo ti wá. Ilé báyìí ni mo máa dé sí."

Kí ni ìdí rẹ̀?

Bí àlejò bá wọ ilé wa, a ó fún un ní omi. Lẹ́yìn náà a ó bi í pé: "Níbo lẹ ti wá? Ọ̀dọ̀ ta ni ẹ ń lọ?" Kì í ṣe pé a kórìíra rẹ̀. A fẹ́ mọ ẹni tí ó wọlé tọ̀ wá ni. Ohun kan náà ni ìjọba ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Liberia wá sí Èkó. Àrùn Ebola wà lára rẹ̀. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 sì kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbogbo ẹni tí ó súnmọ́ àwọn aláìsàn náà láti ilé dé ilé. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900. Nítorí pé wọ́n rí wọn, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn, àrùn náà dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n kéde pé Ebola ti tán ní Nàìjíríà. Nínú irú ìṣòro báyìí, ẹni tí ó kọ àdírẹ́sì tòótọ́ ni a lè tètè rí kí a sì ràn lọ́wọ́.

Ṣé kò sí òmìnira láàárín wa ni?

Àwọn kan máa ń wí pé: "Ará kan náà ni wá. Àwọn ènìyàn wa ń bẹ ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n ń bẹ ní Nàìjíríà. Kí ni a ń kọ ìwé fún?" Òótọ́ ni pé òmìnira wà. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979, ní Dakar, àwọn ìjọba inú ẹgbẹ́ CEDEAO fọwọ́ sí àdéhùn kan. Ó ní ọmọ ìlú kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ ìlú kejì láìgba físà, kí ó sì lo ọjọ́ 90 níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn yẹn kan náà béèrè ohun méjì: ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Òmìnira láti wọlé kò ní kí a má sọ ẹni tí a jẹ́.

Ní ti abẹ́rẹ́, ti ibà apọ́njú ni wọ́n máa ń béèrè jù. Àwọn dókítà ń pè é ní fièvre jaune. Káàdì rẹ̀ pupa bí ẹyin adìẹ. Ẹ gbà á ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó rìn, nítorí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ni ìwé náà ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti oṣù keje ọdún 2016, gbígbà kan ṣoṣo tó fún gbogbo ayé ènìyàn. Nítorí náà ẹ má ṣe sọ káàdì yẹn nù.

Bí a ṣe ń kọ ọ́

Ìwé ìlú kan lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìlú kejì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn jọ ara wọn. Ẹ fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́. Bí àpótí kéékèèké bá wà, lẹ́tà kan ni ó ń gbé inú àpótí kan.

1. Orúkọ. "Nom" ni orúkọ ìdílé. "Prénoms" ni orúkọ tí wọ́n sọ yín. Ní Nàìjíríà, "Surname" ni orúkọ ìdílé. Ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìwé ìrìnnà yín. Bí ìwé yín bá kọ ADECHINA, ẹ má kọ ADESINA, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni létí wa. Lójú ẹni tí ń yẹ ìwé wò, ènìyàn méjì ni.

2. Ọjọ́ ìbí. Ọjọ́ ni ó ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e, ọdún ni ìkẹyìn. Ìwé ọ̀pọ̀ àgbà wa sọ pé "né vers", tí ó túmọ̀ sí pé a bí wọn ní nǹkan bí ọdún báyìí. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọdún náà nìkan. Ẹ má ṣe dá ọjọ́ kan sílẹ̀ láti inú orí ara yín. Ẹ fi ìwé yín han òṣìṣẹ́ náà.

3. Orílẹ̀-èdè. Ibí yìí kò béèrè ẹ̀yà. Yorùbá tàbí Bàrìbá kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀. Ìlú tí ó fún yín ní ìwé ni ẹ ó kọ: Bénin.

4. Nọ́ńbà ìwé ìrìnnà. Ẹ wò ó dáadáa. Òdo àti lẹ́tà O jọra púpọ̀.

5. Ohun tí ẹ ń lọ ṣe. Ṣé ẹ fẹ́ kí ará ni? Ṣé òwò ni? Ṣé iṣẹ́ ni? Ṣé ẹ kàn fẹ́ kọjá lọ síbòmíràn ni? Ẹ kọ òtítọ́.

6. Ibi tí ẹ máa dé sí. "Èkó" nìkan kò tó. Ẹ kọ nọ́ńbà ilé, orúkọ òpópónà, orúkọ onílé àti nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀. Ẹ gba gbogbo èyí kí ẹ tó kúrò ní Goro.

7. Ọjọ́ àti ìfọwọ́sí. Lókè ibi tí ẹ máa fọwọ́ sí, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ pé òtítọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ wí.

Ẹ kíyè sí èyí keje yìí gidigidi. Ní bodè, àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń gba owó láti bá arìnrìn-àjò kọ ìwé. Ká ní obìnrin kan ń lọ ta gàrí, tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì kọ ọ́ fún un pé ó ń lọ kí ará. Bí wọ́n bá bá ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni ó parọ́? Ọwọ́ ta ni ó wà nísàlẹ̀ ìwé? Ẹni tí ó kọ ọ́ ti lọ. Ẹni tí ó fọwọ́ sí i ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́. Nítorí náà, bí ẹlòmíràn bá tilẹ̀ bá yín kọ ọ́, ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí èdè rẹ̀ kò bá yé yín, ẹ ní kí ó túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìwé inú tẹlifóònù

Àwọn ìlú kan ti fi ìwé pẹlẹbẹ yìí sílẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìkéde ìwọlé àti ìjáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àlejò tó dé. Ìbéèrè rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí a kà sókè. Bí ọmọ yín bá bá yín tẹ̀ ẹ́ sínú tẹlifóònù, ẹ jókòó tì í. Ẹ fi ìwé ìrìnnà yín síwájú rẹ̀. Ẹ ní kí ó ka gbogbo rẹ̀ sí yín létí kí ó tó fi ránṣẹ́. Kí ẹ tó rìn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bodè irú èyí tí wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana ní kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a tàbí kí ó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n ti ṣòwò níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún wọn. Àwọn ará Ghana ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n sì gbà kọjá lọ sílé pẹ̀lú ẹrù lórí. Àdéhùn ti 1979 ti wà nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 90 ni ó fún ènìyàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé ìkéde kì í ṣe ìwé ìgbélùú. Kò lè sọ àlejò di onílé. Ṣùgbọ́n òun àti òǹtẹ̀ inú ìwé ìrìnnà ni ẹ̀rí ọjọ́ tí ẹ wọlé. Ẹ ka ọjọ́ 90 yín láti ibẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ lọ béèrè ìwé ìgbélùú kí ọjọ́ náà tó pé. Bí wọ́n bá fún yín ní àjákù ìwé náà, ẹ fi pamọ́ sínú ìwé ìrìnnà títí ẹ ó fi padà wálé.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ mú ìwé àjákọ yín. Ẹ kọ nọ́ńbà 1 sí 7 sí i. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ yín, kí ẹ dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan fúnra yín bí ẹni pé ẹ ń lọ kí ará kan ní Paraku. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹnìkejì yín ní kíláàsì kí ó fi wé ìwé ìdánimọ̀ náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, inú kíláàsì ni ó ti dára kí a rí i, kì í ṣe ní bodè.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Ire o.