Ohun Tí Ẹnu Kò Lè Sọ: Ọ̀rọ̀ Àwọn Ọ̀dọ́ Adigbẹ

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òdodo ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó wà tí kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ láti dákẹ́. Ohun tí ojú wọn ti rí ni ó dì wọ́n lẹ́nu. Irú wọn kò ṣòro láti rí ní ilé àtúnṣe ìwà tí à ń pè ní Borstal, ní Adigbẹ, Abẹ́òkúta.

Òfin ọdún 1960 ni ó fi ìdí irú ilé báyìí múlẹ̀ ní Nàìjíríà, fún ọ̀dọ́ tí ó ti pé ọmọ ọdún 16 tí kò sì tíì pé 21. Èrò òfin náà ni pé ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ ni kí a fi tún wọn ṣe, kí a má ṣe dà wọ́n pọ̀ mọ́ ọ̀daràn tí ó ti gbó. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó jalè: ẹlòmíràn wà tí òbí rẹ̀ ni ó mú un wá, nítorí pé apá kò ká a mọ́. A yin àwọn tí ń kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́ ọwọ́ ọmọ ní iṣẹ́, ta ni yóò tọ́jú ọkàn rẹ̀?

Ọ̀nà kan wà. Ní ọdún 1929, obìnrin oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Margaret Lowenfeld, gbé àpótí yanrìn àti àwọn ère kéékèèké síwájú àwọn ọmọ tí ọkàn wọn gbọgbẹ́. Àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í to ilé, ènìyàn àti ẹranko sínú yanrìn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì sọ ọ́ ní "Ayé". Lẹ́yìn náà ni Dora Kalff kọ́ ọ, tí ó sì mú un lọ sí Switzerland. Lónìí, a ti ń lò ó fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jókòó pọ̀ ní ẹgbẹ́.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Ọ̀dọ́ bíi mẹ́rin tàbí mẹ́fà yóò jókòó ti olùdámọ̀ràn kan. Olúkúlùkù ní àpótí tirẹ̀, tí a kun inú rẹ̀ ní àwọ̀ aró, kí ẹni tí ó bá wa yanrìn sí ẹ̀gbẹ́ kan lè rí odò. Yóò mú ère tí ó wù ú, yóò tò ó bí ó ti fẹ́. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lé e lórí, kí ó sọ ọ́. Bí kò bá fẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ipá mú un. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín, ohun tí a bá sì sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò kú sí. Ọmọ tí kò lè wí pé wọ́n kọ òun sílẹ̀ lè ri ère ọmọ kan mọ́ yanrìn ní igun àpótí. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè wò ó, kí ó sì wí pé, "Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀." Nígbà náà ni yóò mọ̀ pé òun nìkan kọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní yanrìn títẹ̀. Ẹni tí ń tẹ yanrìn ni ó ń sọ ohun tí ó rí fún oníbéèrè. Níhìn-ín, ọmọ náà ni ó tò ó, òun náà ni yóò sì túmọ̀ rẹ̀. Kì í sì í ṣe oògùn gbogbo àrùn. Ẹni tí àìsàn ọpọlọ bá ń ṣe, ilé ìwòsàn Aró ni kí a mú un lọ. Ẹni tí kò bá sì kọ́ṣẹ́ yìí, kí ó má ṣe dán an wò.

Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá, irú ọgbọ́n yìí kò ṣe àjèjì sí wa. Láti ọdún 1954 ni Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti fi àwọn aláìsàn Aró sí àárín àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí wọn, tí ayé sì wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Yanrìn kò wọ́n létí Odò Ògùn, káfíńtà kò sì wọ́n láàárín wa. Olùdámọ̀ràn tí ó kọ́ṣẹ́ ni ó wọ́n, owó ìjọba ni ó sì yẹ kí ó wá a.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó ṣe ọmọ kí ẹ tó lé e kúrò ní kíláàsì. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí àwọn olùdíje bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọn yóò ṣe fún àwọn ọmọ Adigbẹ. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ó yẹ kí a fi òsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún ti ṣe tirẹ̀, òsì dà?