Eegun Àgbà: Ṣé Nínú Báàgì Olóògùn Ló Wà, Àbí Nínú Ìkòkò Ọbẹ̀?

 

Ọ̀rọ̀ tó gbé wa dórí ìwé lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ìṣọ̀, kì í sì í ṣe ti àwọn ọlọ́kọ̀. Ọ̀rọ̀ eegun ni. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ta èlùbọ́ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ nígbà òjò tó kọjá. Kì í ṣe pé ó já láti òkè o. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú lẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀, eegun ìbàdí sì kán. Títí di bí a ti ń kọ ìwé yìí, orí àpótí ló ń jókòó sí ní ìṣọ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń bá a wọn èlùbọ́ fún oníbàárà. Àánú rẹ̀ kò tíì kúrò lójú wa tí olóògùn kan fi dé, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ní hóró kálísíọ̀mù tí òun ń tà kò ní jẹ́ kí eegun ẹnikẹ́ni kán mọ́. Ìyá méje ló rà á lójú wa. Àwa náà fẹ́ rà, ká má parọ́. A kàn ní ká kọ́kọ́ wádìí ni.

Eegun kì í ṣe òkúta. Ohun alààyè ni. Ara ń wó ògbólógbòó rẹ̀, ó sì ń mọ tuntun dípò. Nígbà tí a wà léwe, mímọ máa ń ju wíwó lọ. Tó bá tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, eegun ti kún dé ibi tó máa kún dé. Bí nǹkan oṣù obìnrin bá wá dúró, èròjà inú ara tó ń dáàbò bo eegun á dín kù, wíwó á sì borí mímọ, pàápàá láàrin ọdún márùn-ún sí méje àkọ́kọ́. Ẹ wo òpó ilé tí ikán ti jẹ: ìta rẹ̀ ń dán, inú ti ṣófo.

Kì í sì í dunni, ẹ̀tàn rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń pariwo orúnkún, làkúrègbé ló sábà máa ń bá a jà. Oríkèé ló gbó, kì í ṣe eegun ló fúyẹ́, kálísíọ̀mù kì í sì í wo ìyẹn. Ẹni tí eegun rẹ̀ ti fúyẹ́ lè má mọ̀ títí yóò fi ṣubú, tàbí títí àwọn ọmọ rẹ̀ á fi sọ pé, "Màámi, ẹ ti ń kúrú o, ẹ̀yìn yín ti ń tẹ̀."

Kálísíọ̀mù yìí ni amọ̀ tí ara fi ń mọ ilé náà. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí obìnrin tó ti lé ní 50 ọdún máa rí 1,200 mílígíráàmù lóòjọ́. Iyán, ẹ̀bà, àmàlà, díẹ̀ báyìí ló wà nínú wọn. Ọbẹ̀ ló ń gbà wá.

Ní Jos níbí, àwọn dókítà rí àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ bí ọrun. Oòrùn kúkú ń ràn ní Jos. Ohun tí wọ́n rí ni pé kálísíọ̀mù tí àwọn ọmọ náà ń jẹ kò ju nǹkan bí 200 mílígíráàmù lọ lójúmọ́. Nínú àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 1999, àwọn tí wọ́n fún ní kálísíọ̀mù san ju àwọn tí wọ́n fún ní fítámì D nìkan lọ. Nígbà tó di 2015, wọ́n tún fi hàn pé ẹja tí a lọ̀ tòun ti eegun rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ náà bí lúbúlúbú òkúta ẹfun ti ń ṣe é. Ti ọmọdé nìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ẹ̀yin ẹlẹ́ja á dùn sí i!

Nítorí náà, ẹja kéékèèké tí a ń jẹ teegun-teegun, ẹ má yọ eegun rẹ̀ dànù. Ẹ gún edé gbígbẹ tòun ti èèpo rẹ̀ sọ́bẹ̀. Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé kiri dára. Agolo mílíìkì kékeré kan ní nǹkan bí 400 mílígíráàmù. Ewédú tútù tó wọn 100 gíráàmù ní nǹkan bí 200. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ náà ní in, àmọ́ ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń di apá kan mú, kì í jẹ́ kí ara rí gbogbo rẹ̀ lò. Yànmọ̀tí tí a kò bó èèpo rẹ̀ ní púpọ̀. Ẹ̀wà àti ẹyin náà, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀, eegun ń fẹ́ wọn.

Oòrùn tó ń pa wá ní ìṣọ̀ ló ń fún ara ní fítámì D tí kálísíọ̀mù fi ń wọlé. Àwọn ìyá àgbà tí kì í jáde nílé mọ́ ni kó ká lára, ẹ máa gbé àga wọn síta. Ìrìn náà ń mú eegun le. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ gun òkè Ọ̀kà, ó ń tọ́jú eegun rẹ̀, bó tilẹ̀ ń kùn. Ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó ń mu ògógóró lámujù ń bà á jẹ́.

Hóró oògùn ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn ìyá ní 1,000 mílígíráàmù pẹ̀lú fítámì D fún nǹkan bí ọdún méje, àwọn tí wọ́n kó jọ lé ní 36,000. Èsì jáde ní 2006: eegun ìbàdí nípọn sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n kíkán rẹ̀ kò dín kù lọ́nà tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà, òkúta inú kíndìnrín sì pọ̀ sí i. Ẹnì kan lè ní àwọn yẹn ń jẹun dáadáa tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní abúlé Keneba ní Gáḿbíà, níbi tí kálísíọ̀mù oúnjẹ ti kéré, wọ́n fún àwọn aláboyún ní 1,500 lójúmọ́. Nígbà tí wọ́n bímọ tí wọ́n sì ń fọ́mọ lọ́mú, eegun wọn tún fúyẹ́ ju ti àwọn tí wọn kò fún. Ó yà wá lẹ́nu. A kò ní hóró náà kò wúlò o. Bí dókítà bá ní kí ẹ lò ó, ẹ lò ó, kó má ju 500 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì ti jẹun. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ hóró ẹ̀jẹ̀, tẹtirasáíkílìn, tàbí oògùn gẹ̀gẹ̀.

Ohun tó ń bí wa nínú jù ni dexamethasone àti prednisolone. Àwọn kan ń lò ó kí wọ́n lè sanra, àwọn kan a sì máa dì í mọ́ ọ̀rá oògùn orúnkún láìdárúkọ rẹ̀. Orúnkún á fúyẹ́ lóòótọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yọ, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ lára, ó ń jẹ eegun bí ikán. Ẹni tó bá ti ń lò ó tipẹ́, kó má dá a dúró lójijì, ewu ni. Kó lọ rí dókítà. Bí àgbàlagbà bá sì ṣubú tí kò lè dìde, ẹ má fi òrí wọ́ ọ. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ìkàrẹ́ tàbí Ìwàrò-Ọ̀kà.

Olóògùn yẹn padà wá lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e. Ìyá ẹlẹ́ja kan ní kó fi nọ́ńbà NAFDAC ara páálí rẹ̀ han òun. Ó ní òun gbàgbé páálí sílé. A kò tíì rí i láti ọjọ́ náà.