Àrà tí àwọn ará Ṣáínà ń fi wàrà sóyà dá

Ẹni tó bá ra sojà díndín ní Igana lábẹ́ Pobẹ̀, tàbí ní ọjà Ṣakẹ́tẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, ohun tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní dòufu ló rà, èyí tí ayé mọ̀ sí tofu. Wàrà sóyà kan náà ni. Lọ́dọ̀ tiwa, a óò gé e, a óò dín in, a óò bu ata sí i, ó parí. Ní Ṣáínà, ìgbà tí wàrà náà bá dì tán ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Báwo ló ṣe ń dì? Wọ́n á rẹ sóyà mọ́jú, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì gbé omi funfun rẹ̀ kaná kó hó dáadáa. Ẹ má fi híhó yìí ṣeré o: èròjà kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú, iná ló ń pa á. Nǹkan bí 40% ìwọ̀n sóyà gbígbẹ ló jẹ́ purotéènì. Bí ohun kíkan tàbí ohun mìíràn tó lè mú un dì bá kàn án nínú omi gbígbóná náà, á so mọ́ra, omi á sì yà lára rẹ̀. Omi ọ̀gì tó kan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìyá wa ń lò. Ní Ṣáínà, àwọn kan ń lo gypsum, òkúta funfun tí wọ́n lọ̀ kúnná. Àwọn mìíràn ń lo omi kíkorò tó ṣẹ́kù nígbà tí iyọ̀ òkun bá jáde. Àwọn kan sì wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú omi ara wàrà àná títí á fi kan, kí wọ́n lè fi dì tòní. Ọgbọ́n omi ọ̀gì gan-an nìyẹn.

Ìtàn wọn sọ pé ọmọ ọba Liu An, tó kú ní ọdún 122 ṣáájú ìbí Kristi, ló kọ́kọ́ ṣe é, àmọ́ ọ̀rúndún kẹwàá lẹ́yìn ìbí Kristi ni orúkọ rẹ̀ hàn kedere nínú ìwé. Tiwa kò pẹ́ rárá. Ọdún 1908 ni wọ́n gbin sóyà sí oko ìwádìí ọ̀gbìn Moor Plantation ní Ìbàdàn. Lónìí, àríwá Benin, ní agbègbè Borgou, ni púpọ̀ nínú sóyà orílẹ̀-èdè náà ti ń wá. Mo gbà pé ohun tó jẹ́ kí wàrà rẹ̀ tètè mọ́ wa lára ni pé a ti mọ wàrà màlúù tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi ewé bomubómu dì.

Ọ̀nà tí àwọn ará Ṣáínà ń gbà jẹ ẹ́ pọ̀. Wọ́n ń fi ṣíbí bu èyí tí wọn kò tẹ̀ rárá; níbì kan wọ́n ń fi omi ṣúgà sí i, níbòmíràn iyọ̀ ni. Wọ́n ń ká awọ tó dì lójú omi sóyà gbígbóná, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n tún ń jẹ́ kó bà títí á fi máa rùn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń fi irú se ọbẹ̀ kò ní sá fún un. Ní Chengdu, wọ́n ń fi ata, ẹran lílọ̀ àti ẹ̀wà bíbà se èyí tó rọ̀. Mápó dòufu lorúkọ rẹ̀, láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni. Ẹran àti wàrà jọ wà nínú ìkòkò kan. Nítorí náà, àṣìṣe ni bí a ṣe ń ka wàrà sóyà sí ẹran ẹni tí kò lówó.

Èyí tó yẹ kí ẹ̀yin ìyá wa kọ́kọ́ gbìyànjú kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí wàrà náà di yìnyín mọ́jú nínú ẹ̀rọ amómidì. Yìnyín á dá ihò sí i lára. Bó bá yọ́, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, kí ẹ wá sọ ọ́ sínú ọbẹ̀ ata: á fa ọbẹ̀ mu dé inú.